Nínú àwọn síríìsì ìtàn ìbànújẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi dátà yín wò?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹni tí ò ráyè kàwé gígùn lè tètè mọ ibi tó ń lọ: Tess of the d'Urbervilles tí BBC ṣe lọ́dún 2008 ni. Apá mẹ́rin ni, apá kọ̀ọ̀kan tó wákàtí kan, Gemma Arterton ló ṣe Tess, Eddie Redmayne ló ṣe Angel Clare, Hans Matheson ló ṣe Alec. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ẹyọ kan péré nínú irú eré báyìí, òun ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tójú mi rí nínú àwọn tó kù, kó máa bá mi bọ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Lẹ́sìnì lítírésọ̀ ni mò ń ṣe fáwọn ọmọ SS níbí ní Àkúrẹ́, lápá Ìjàpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí bí àwọn ọmọ ṣe máa ń há ìtàn sórí láìjẹ́ pé ìtàn ọ̀hún kàn wọ́n lára rárá. Nígbà tí WAEC fi Wuthering Heights sára ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kà láti 2021 dé 2025, ohun táwọn ọmọ ń bi mí ò ju "Sà, ta ló bí ta ni níbí yìí" lọ, torí Catherine méjì ló wà nínú ìwé yẹn, Linton jẹ́ orúkọ ìdílé, ó tún jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi àwọn ìwé yìí ṣe, mo ra DVD, mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, mo fi dátà wo èyí tí mo lè wò, nígbà tó yá kì í ṣe torí àwọn ọmọ mọ́, èmi fúnra mi ni ò lè fi sílẹ̀.

Ohun kan ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti ka àwọn ìwé yìí á mọ̀ pé ikú kọ́ ló ń dunni jù níbẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá tún gbogbo ẹ̀ ṣe, lẹ́tà kan tó yẹ kó dé ọwọ́ ẹnì kan, gbólóhùn kan tó yẹ kẹ́nì kan dúró gbọ́ tán, ilẹ̀kùn kan tó yẹ kẹ́nì kan ṣí, lẹ́tà ò wá dé, ẹni yẹn ò dúró, ilẹ̀kùn ò ṣí. Eré tó bá mọṣẹ́ á jẹ́ kí n rí ibẹ̀ dáadáa, á jẹ́ kó pẹ́ lójú mi débi tí màá fi máa pariwo "dúró, má lọ" sí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó bá sáré kọjá níbẹ̀, bó ti wù kí aṣọ wọn dáa tó, kí ilé ńlá àti ẹṣin wọn pọ̀ tó, mi ò lè yìn ín.

Ó yá, Tess. Thomas Hardy ló kọ ọ́, 1891 ló jáde ní ìwé odindi. Bàbá Tess, Jack Durbeyfield, tálákà ni, ẹṣin kan ṣoṣo ló fi ń kó ọjà kiri, ó sì fẹ́ràn ọtí. Pásítọ̀ kan pàdé ẹ̀ lọ́nà lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé o mọ̀ pé ìdílé ńlá lo ti wá, pé àwọn d'Urberville tí wọ́n jẹ́ jagunjagun ọba láyé àtijọ́ ni baba ńlá ẹ. Ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ sọ, tó sì bá tiẹ̀ lọ, òun ló tú ilé onílé ká. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ "ọmọ ọba ni wá" ṣe máa ń rí lára èèyàn, ẹ ò nílò àlàyé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìjòyè, ó mutí yó, kò lè dìde gbé ọjà oyin lọ lóru, ni Tess bá gbé e lọ, oorun kó o lọ lórí ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ tó ń kó lẹ́tà já wọ inú àyà ẹṣin wọn, ẹṣin kú. Ẹṣin yẹn sì ni oúnjẹ wọn. Ni ìyá ẹ bá ní kó lọ bá àwọn ìbátan olówó kan tó ń jẹ́ d'Urberville ní Trantridge kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ìbátan o! Stoke ni orúkọ bàbá wọn, oníṣòwò ni, ìgbà tó lówó tán ló lọ wá orúkọ ìdílé àtijọ́ kan nínú ìwé tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tiẹ̀. Alec ọmọ ẹ̀ ló wá ba ayé Tess jẹ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ti 2008 yìí ni pé wọn ò kánjú. David Nicholls tó kọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé ìbànújẹ́ Tess kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan nínú igbó, ohun kékeré kékeré tó ń gun ara wọn lórí ni. Ọmọ tó bí fún Alec, tó ń kú lọ, tí bàbá Tess ò jẹ́ kí pásítọ̀ wọlé torí ìtìjú, tí Tess wá jí àwọn àbúrò ẹ̀ lóru, tó bu omi sínú abọ́, tó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà fúnra ẹ̀, tó sọ ọ́ ní Sorrow, ẹni tó bá ti wo ibẹ̀ kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún wa láyè láti gbádùn pẹ̀lú ẹ̀ nílé ìfúnwàrà Talbothays, oòrùn ń ràn, àwọn màlúù, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó kù tí gbogbo wọn fẹ́ràn Angel, ọkùnrin tí Tess padà fẹ́, tí wọn ò sì bá Tess jà nítorí ẹ̀ (Jodie Whittaker wà lára wọn, òun ló ṣe Izz, ó dáa gan-an). Tí wọn ò bá jẹ́ kí inú wa dùn níbẹ̀, ibi tó ń bọ̀ ò lè dùn wá. Ohun táwọn olùdarí kan ò mọ̀ nìyẹn, wọ́n á fi òjò àti òkùnkùn bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi parí.

Màmá mi bá mi wò ó. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará oko Dorset yẹn ò yé wọn, mò ń túmọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi lẹ́tà, wọn ò nílò mi mọ́. Tess kọ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i sínú lẹ́tà kí Angel lè mọ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́tà wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, Angel ò rí i. Ọmọbìnrin yìí wá ń wo ojú ẹ̀ lójoojúmọ́, ó rò pé ó ti kà á, ó rò pé ó ti dárí ji òun. Màmá dìde dúró ní pálọ̀. "Ẹ sọ fún un kó gbé kápẹ́ẹ̀tì yẹn sókè!" Mo ní Màmá, fíìmù ni o. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ẹ sọ fún un."

Nígbà tó wá di òru ìgbéyàwó, tí Angel kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiẹ̀, pé òun náà ti bá obìnrin kan ṣe ìṣekúṣe rí nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Tess dárí jì í lójú ẹsẹ̀, inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn, ó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ti dọ́gba, ó wá sọ tiẹ̀. Ẹ wo ojú Redmayne níbẹ̀. Kò pariwo, kò fọ́ nǹkan kan, ojú ẹ̀ kàn kúrò lára obìnrin náà, bíi pé àlejò ló jókòó síwájú ẹ̀. Mo ti gbọ́ táwọn kan sọ pé Redmayne rọ̀ jù, pé kò ní agbára tó fún Angel. Èmi ò gbà. Angel gan-an nìyẹn, ọmọ pásítọ̀ tó rò pé òun ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ àwọn bàbá òun, tó rò pé òun lajú, tó wá jẹ́ pé ìlajú ọ̀hún ò dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyàwó tiẹ̀ gan-an wà. Màmá ní, "Obìnrin yẹn forí jì í kíákíá, òun wá ń wo ilẹ̀. Irú ọkùnrin wo nìyí?"

Àríyànjiyàn tí èmi àti Màmá ṣe lẹ́yìn ẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́yin náà rò ó. Wọ́n ní orí Tess ló burú, pé ọmọ tó bá kúnlẹ̀ yan irú èyí, kò sí ẹni tó lè bá a tún un ṣe. Hardy fúnra ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, níparí ẹ̀ ó ní àwọn òrìṣà ti fi Tess ṣeré tán. Ṣùgbọ́n eré 2008 yìí ò sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ̀ mí lára. Gbogbo ìgbà ló ń fi èèyàn hàn wá, bàbá tó ń mutí, ìyá tó mọ̀ pé ewu wà ní Trantridge tó ṣì ní kó lọ, Alec tó ní owó àti àyè, Angel tó ní ìgbéraga. Mo sọ fún Màmá pé tí Angel bá ti gbà á móra lóru yẹn, orí Tess ì bá dáa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ta ló rán lẹ́tà lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì? Mi ò rí èsì fún ìyẹn.

Àléébù ò ṣàì wà. Orin wọn pọ̀ jù, ibi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́ kí n gbọ́ ẹkún ọmọbìnrin náà ni fáyòlínì á ti wọlé. Ní Flintcomb-Ash, oko tó ti ń hú tọ́níìpù nínú òtútù lẹ́yìn tí Angel fi í sílẹ̀ lọ sí Bùràsíìlì, tó yẹ kí ìyà ti hàn lára ẹ̀, ara Arterton ṣì ń dán, kò rí bí ẹni tí oko ti lù bolẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Stonehenge, ibi àwọn òkúta ńlá àtijọ́ yẹn, tó dùbúlẹ̀ sórí òkúta, táwọn ọlọ́pàá tó wá mú un torí ó pa Alec yí i ká tí wọ́n ń dúró kó jí fúnra ẹ̀, tó jí tó sì ní òun ti ṣe tán, mo dárí gbogbo fáyòlínì yẹn jì wọ́n.

Èyí tí ITV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì míì, gbé jáde lọ́dún 1998 náà wà, Justine Waddell ló ṣe Tess níbẹ̀, Jason Flemyng ló ṣe Alec. Mo mọ àwọn tó fẹ́ràn tiẹ̀ ju ti Arterton lọ, mo sì mọ ìdí ẹ̀: ojú Waddell jọ ojú ọmọ kékeré tí wọ́n rán níṣẹ́ àgbà, kò sì rẹwà lọ́nà tó fi máa dà bíi pé ẹwà ẹ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Ibi tó ti rẹ̀yìn ni àkókò. Ó kúrú ju ti 2008 lọ, o sì máa mọ̀ ọ́n lára, o ò tíì sunkún tán lórí ọ̀rọ̀ kan tí òmíràn á ti dé.

The Mayor of Casterbridge ló kàn, Hardy náà ló kọ ọ́, 1886. Méjì ni mo wò nínú ẹ̀, méjèèjì ni mo sì fọwọ́ sí. Michael Henchard mutí yó níbi ọjà ọdọọdún kan, ó ta ìyàwó ẹ̀ Susan àti ọmọ wọn fún atukọ̀ kan ní gíní márùn-ún, owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ilẹ̀ mọ́, ojú ẹ̀ dá, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ búra pé òun ò ní fọwọ́ kan ọtí fún ọdún 21, iye ọdún tó ti lò láyé nìyẹn. Ó di olówó, ó di méyọ̀, ọkà ló ń tà. Lẹ́yìn ọdún 18, obìnrin tó tà yọ sí i.

Ti ITV 2003, Ciarán Hinds ló ṣe Henchard, kò gùn, ẹ lè wò ó tán láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì. Hinds tóbi, ohùn ẹ̀ wúwo, tó bá wọ yàrá gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ó wọlé, síbẹ̀ ẹ máa rí i lójú ẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ìgbà. Ibi tó dùn mí jù ni ti lẹ́tà Susan. (Lẹ́tà náà nìyẹn o!) Susan ti kú, ó fi lẹ́tà sílẹ̀, ó kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n má ṣí i títí di ọjọ́ ìgbéyàwó Elizabeth-Jane ọmọ ẹ̀. Henchard ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọbìnrin yẹn lálẹ́ pé èmi ni bàbá ẹ, ó ní kó máa jẹ́ orúkọ òun, ọmọ sunkún, ó gbà, bàbá wá lọ ń wá ìwé tí yóò fi hàn án, ó rí lẹ́tà, ó ṣí i. Ọmọ tiẹ̀ ti kú tipẹ́, èyí tó wà nílé, ọmọ atukọ̀ ni. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ tí ọmọ náà wá ń pè é ní bàbá tìfẹ́tìfẹ́, kò lè gbé ojú sókè wò ó mọ́. Kí lẹ́ ẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni?

Ti BBC 1978 ni àgbà wọn. Apá méje ni, Alan Bates ni Henchard, Dennis Potter ló kọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, Corfe Castle ní Dorset ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú ìta ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ ti gbó, ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí wọ́n yà níta àti èyí tí wọ́n yà nínú sítúdíò, ẹni tó bá ti mọ́ lára kó máa wo fíìmù òde òní lè má ní sùúrù fún un. Ẹ ní sùúrù. Apá méje yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣe òwò ọkà yẹn dáadáa. Henchard lọ bá woṣẹ́woṣẹ́ kan tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí, ó ní òjò máa ba ìkórè jẹ́, Henchard wá kó gbogbo owó ẹ̀ sórí ọkà tó ti wọ́n kó lè tún wọ́n sí i, oòrùn ràn, owó ọkà já wálẹ̀, ó fìbínú tà á ní àdánù, kò pẹ́ òjò dé lóòótọ́. Ẹni tó bá ti ra kòkó pamọ́ rí l'Oǹdó tó ń retí kí owó lọ sókè, á mọ ohun tó wà nínú ikùn ọkùnrin yẹn. Bates jẹ́ kí n rí i pé Henchard kì í ṣe èèyàn burúkú, ìbínú ẹ̀ kàn máa ń yára ju ọgbọ́n ẹ̀ lọ ni, ọgbọ́n á dé níkẹyìn, á bá a níbi tó ti bà á jẹ́. Ohun míì tó wù mí: Anna Massey tó ṣe Lucetta, obìnrin míì tó wà láyé Henchard, níbẹ̀, òun náà ló ṣe ìyá arúgbó Alec tójú ẹ̀ fọ́ nínú Tess 2008, ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín méjèèjì.

Èmi á ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wo ti 2003, tó bá wọ̀ ọ́ lára kó wá ti 1978 lọ.

Wuthering Heights wá ńkọ́, èyí táwọn ọmọ lẹ́sìnì mi ń béèrè jù. Emily Brontë, 1847. Ti ITV 2009 ni wọ́n máa ń rí, Tom Hardy ni Heathcliff, ọmọ tí bàbá Cathy gbà tọ́, Charlotte Riley ni Cathy, Sarah Lancashire ni Nelly, ìránṣẹ́ ilé wọn. Tom Hardy àti Riley padà fẹ́ra wọn sílé lóòótọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ ò sì ní jiyàn tẹ́ ẹ bá wo bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn níbẹ̀. Ìfẹ́ ibẹ̀ gbóná. Tom Hardy lágbára, bó bá dákẹ́ gan-an ẹ̀rù á máa bà yín. Ìdààmú mi ni bí wọ́n ṣe tún ìtàn náà tò. Wọ́n yọ Lockwood kúrò pátápátá, ìyẹn àlejò tí Nelly ń ròyìn fún, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi táwọn ọmọ ti dàgbà kí wọ́n tó padà sẹ́yìn. Ìyẹn ò bí mi nínú tó, ó tiẹ̀ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó bí ẹni. Èyí tó bí mi nínú ni ìparí ẹ̀. Wọ́n ní kí Heathcliff yin ara ẹ̀ níbọn! Nínú ìwé, kò sí ìbọn kankan. Oúnjẹ ló kọ̀, ó ń wo nǹkan kan tí ẹlòmíì ò rí, inú ẹ̀ ń dùn lọ́nà tó ń ba Nelly lẹ́rù, ilẹ̀ wá mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n bá a lórí ibùsùn, fèrèsé ṣí sílẹ̀, òjò ti rọ̀ sí i lára. Ikú yẹn wá bá a torí ó ti ń pè é láti ọdún pípẹ́, wọ́n wá fi ìbọn gé e kúrú. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi eré yìí ka ìwé fún ìdánwò, ẹ dákun, ẹ má kọ ìbọn sínú ìwé ìdáhùn yín o.

Ibi tó yẹ kí eré yìí ti mú mi jù náà tún ya kọjá. Ẹ mọ ibẹ̀: Cathy ń sọ fún Nelly pé tí òun bá fẹ́ Heathcliff, á rẹ òun sílẹ̀, Heathcliff wà nítòsí, ó gbọ́, ó jáde lọ, kò dúró gbọ́ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, pé Heathcliff ni òun gan-an ju bí òun ṣe jẹ́ ara òun lọ. Ìṣẹ́jú kan péré! Tó bá dúró ìṣẹ́jú kan sí i, kò ní sí ìtàn. Mo fẹ́ kí kámẹ́rà dúró síbi tí ọkùnrin yẹn dúró sí, kó jẹ́ kí n gbọ́ bí ohùn Cathy ṣe ń jìnnà. Wọ́n ṣe é, àmọ́ wọ́n yára.

The Return of the Native tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1994, Catherine Zeta-Jones ni Eustacia Vye, Clive Owen ni Wildeve, kò tó wákàtí méjì. Zeta-Jones rẹwà, ilẹ̀ gbalasa yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n ìwé tó nípọn tóyẹn kò ṣeé kì bọ inú wákàtí méjì. Nítorí ibì kan péré ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ wò ó. Ìyá Clym (Clym ni ọkọ Eustacia), Joan Plowright ló ṣe é, rin ìrìn gígùn nínú oòrùn kó lè lọ parí ìjà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀. Ó kànkùn. Clym ti sùn lọ, Wildeve, olólùfẹ́ Eustacia àtijọ́, wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀, Eustacia gbọ́ tí ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó rò pé ó ti jí, pé òun ló máa ṣí i, kò lọ. Ìyá ti rí ojú ìyàwó ọmọ ẹ̀ lójú fèrèsé, ilẹ̀kùn ò ṣí, ó yíjú padà, oòrùn mú un, ejò bù ú ṣán lọ́nà, ó kú. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ rárá lórí èyí. Wọ́n wọ yàrá lọ.

The Mill on the Floss ti BBC 1997 tí Emily Watson ṣe Maggie, ó dáa, Watson ló gbé e ró, omíyalé ìparí ẹ̀ dé lójijì jù, mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ.

Ó ku Jude the Obscure, ìwé Hardy tó le jù, 1895. BBC ṣe é lọ́dún 1971, apá mẹ́fà, Robert Powell ni Jude, Fiona Walker ni Sue, obìnrin tí Jude fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé èyí tó pọ̀ nínú yín ò ní wá a lọ torí ó ti pẹ́, mo sì ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wá a. Ọmọ òrukàn ni Jude, òkúta ló ń gbẹ́ jẹun, ó fi ara ẹ̀ kọ́ Látìnì àti Gíríìkì lóru, torí ó fẹ́ wọ yunifásítì Christminster, ìyẹn Oxford lójú Hardy. Ó kọ lẹ́tà sáwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, ó ní kó yáa jókòó ti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ní ìlú tí FUTA wà yìí, táwọn ọmọ ń kọ JAMB lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń kọjá níwájú géètì yẹn lójoojúmọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ wẹ́dà, mi ò mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì míì tó sún mọ́ wa tó yìí. Powell kà lẹ́tà yẹn láìsunkún. Ó ká a, ó fi sápò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wò ó pẹ̀lú mi ti kọ JAMB rí tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ gbà á, ó ní "Sà, ẹ jẹ́ ká wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," a sì dá a padà.

Ìkìlọ̀ kan ṣá: ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ kéékèèké nínú ìtàn yẹn burú ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ láìpẹ́, kó má wò ó rárá. Ẹni tó bá lọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 15, kó má jẹ́ kó wo Jude àti Tess láìsí àgbà nítòsí, ibi kan wà nínú Tess lóru nínú igbó tó ní láti ní ẹni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wíwò ẹ̀ wá kù. Ẹ tan subtitle sílẹ̀, gbogbo wọn, bí Gẹ̀ẹ́sì yín ti dáa tó náà, torí báwọn ará oko Dorset àti Yorkshire ṣe ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìròyìn. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi wò ó, ẹ fi eáfóònù sétí, torí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn tó ń ta DVD lápá Ọjà Ọba lè ní in, ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ wo apá tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó, torí èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan, apá mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀ dípò mẹ́rin, Angel wà ní Bùràsíìlì, kò sì padà wálé. Ìgbà tí mo wá rí apá kẹrin ni mo tó mọ̀ pé ó padà, ó ti pẹ́ jù, Tess ti wà lọ́dọ̀ Alec, ó dúró lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ olówó iyebíye, ó ń sọ fún un pé kó máa lọ. Ẹ má wo mẹ́ta kẹ́ ẹ ní ẹ ti wo Tess.